Ta Ló Pe Òórùn Gáàsì Ní Òórùn Ọ̀gẹ̀dẹ̀?

Ìyá Àbídì ti kú. Sàlámọ̀tù Ràímì, tó kọ́ ìdajì àwọn tó ń ta dòdò lójú títì Ìkirè níṣẹ́, iná gáàsì ló jó o pa lọ́sàn-án Ọjọ́rú, nílé ìkọ́ṣẹ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Àpòmù. Kí oòrùn tó wọ̀, a ti sin ín.

Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn ẹgbẹ́ yìí tó o. Nígbà tá a dá a sílẹ̀ kí àwọn oníṣòwò kéékèèké lè fọwọ́ sowọ́ pọ̀, kí àwọn ọmọbìnrin sì rí ibi kọ́ṣẹ́, òun ló kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. Á fìka tẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wò, á ní kò tíì rọ̀, kí wọ́n jẹ́ kó sùn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti dúdú, tí ará ibòmíràn á kó dà nù, ni dòdò Ìkirè ń fẹ́. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ náà mọ bí yàrá tó ń kó wọn sí ṣe máa ń rùn.

Igi la fi ń dáná tẹ́lẹ̀, a sì máa ń fi tapólì dí ojú afẹ́fẹ́ kí iná má baà jó kiri. Àwọn olóyè ẹgbẹ́ gbé gáàsì wá, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Kò sẹ́ni tó sọ fáwọn obìnrin náà pé gáàsì kì í ṣe igi, pé bó bá ń jò, ó gbọ́dọ̀ rí ojú fèrèsé jáde. Wọ́n ṣì ń fi tapólì dí ojú fèrèsé. Ṣé ẹ̀bi tiwọn nìyẹn?

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ìyá Àbídì dìde nípàdé pé òun ń gbóòórùn nǹkan tí kò yé òun. Alága ní òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. A rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí Ọlọ́run foríjì mí.

Ìyá Àbídì ní, "Alága, ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń gbóòórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀. Èyí tí mò ń gbọ́ yìí ń bà mí lẹ́rù."

Alága ní ká bọ́ sórí ọ̀rọ̀ míì.

Níbi fìdáù, àwọn olóyè yìí kan náà ní kádàrá ni. Ṣé kádàrá ló ra rọ́bà gáàsì tó ti sán? Ṣé kádàrá ni kò pe ẹni tó mọ gáàsì kó wá yẹ̀ ẹ́ wò? Wọ́n ti fi ọ̀dà funfun kun ògiri tó jóná. Wọ́n ní ọ̀wọ́ kejì àwọn ọmọ tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Mo yọjú síbẹ̀ láàárọ̀ àná: irú rọ́bà yẹn náà ni wọ́n tún so mọ́ sílíńdà, tapólì sì ti padà sójú fèrèsé.

Soliat, ọmọ mi, wà nínú ọ̀wọ́ kejì. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo ní kó má lọ. Ó ní, "Bàbá mi, mẹ́rìnlá la jẹ́. Ta ló máa sọ fáwọn yòókù?"

Èmi náà ló wá ń sọ ọ́ yìí. Ẹ̀yin olóyè, ẹ pe gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ jọ kí ọjọ́ Ajé tó pé. Ẹ dárúkọ ẹni tó ra rọ́bà yẹn, àti ẹni tó ní kò séwu, kí wọ́n fipò sílẹ̀, kí wọ́n sì lọ jẹ́jọ́ níwájú ọlọ́pàá. Títí dìgbà náà, kí ilé náà wà ní títì. Bí ẹ bá sì tún ní òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, ó dáa: alága, ẹ wá fọwọ́ ara yín ṣáná àkọ́kọ́. Àwọn ọmọ wa á dúró lójú títì, wọ́n á máa wò yín.