Omidùn mi di ọbẹ̀ Poland

Ẹni tó bá ní omidùn ò wúlò ju ká fi rẹ àgbo lọ, kó wá sí Thamesmead ní London lónìí!

Kasia, ìyàwó ọmọ mi, ọmọ Poland ni. Oyún inú ẹ̀ ò jẹ́ kó jẹun láti àná. Gbogbo ohun tí mo gbé fún un ló ń bì. Ló bá bú sẹ́kún, ó ní ṣúrẹ̀kì nìkan lòun lè jẹ, ọbẹ̀ kíkan tí ìyá òun máa ń sè.

"Báwo ni wọ́n ṣe ń sè é?"

"Mummy, ẹ ò lè sè é. Ìyẹ̀fun ni wọ́n máa ń rẹ sómi fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, títí á fi kan."

Ẹ̀rín pa mí. Èmi tí gbogbo Woolwich ń ra ògì lọ́wọ́ mi!

"Kíkan lásán? Jókòó síbẹ̀."

Mo po ògì díẹ̀ mọ́ omidùn, mo gbé e kaná. Mo fi áyù, sọ́séèjì màlúù àti ẹyin sísè sí i. Ata ń wò mí, mò ń wò ó, mi ò fọwọ́ kàn án.

Kasia tọ́ ọ wò.

"Mummy, ṣé ó ṣì kù?"

Ó lá abọ́ mọ́, kò sì bì!

Ẹ̀yin tí ẹ ń da omidùn sí síǹkì, ẹ fèsì: ta ló tún tó èmi?