Àfọ́kù Àwo Inú Yàrá Bàbá Atukọ̀

Òórùn omi èèpo igi irú ló máa ń kọ́kọ́ dé imú mi bí mo bá rántí ilé wa ní àdúgbò Kabawa. Àárọ̀ ọjọ́ tí a tún ilẹ̀ yàrá inú ṣe ni. Ìyá mi àti àwọn obìnrin àdúgbò kúnlẹ̀, wọ́n ń fi pákó pẹlẹbẹ lu erùpẹ̀ tuntun, èmi sì ń wọ́n omi dúdú náà tẹ̀lé wọn kí ilẹ̀ lè dì, kó sì máa dán.

Ẹ̀yin tí a jọ ṣe èwe yóò rántí pé àwọn òyìnbó ti kó olú ilé iṣẹ́ wọn kúrò nílùú wa lọ sí Sungeru nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bá wọn lọ, ilé títà wá pọ̀ nílẹ̀. Bàbá mi, tó jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, ra tiwa lọ́wọ́ àbúrò atukọ̀ kan tó ti kú. Bẹẹrẹ òrùlé ti jẹrà, ògiri kan ti wó, ewúrẹ́ ń sùn ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹbí fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, bàbá mi ní, "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i." Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ilé ọba, kò sì jó. Òjò ló jẹ ẹ́.

Ohun tí ẹni tó tà á kò sọ ni pé yàrá inú ni wọ́n sin Bàbá Atukọ̀ sí. Opó rẹ̀ ló wá sọ ọ́. Ará Oworo ni, ó ti padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ lórí òkè Àgbájá, a sì ń pè é ní Ìyá Àgbájá. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà, bó bá ta igi ìdáná rẹ̀ tán, á dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, á kí ìyá mi bí àwọn ará Oworo ti ń kí ara wọn: "Okun o, Ìyá Àbẹ̀ní. Mo wá kí ọkọ mi." Á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àfọ́kù àwo tánganran aláwọ̀ aró kan tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lórí ibojì náà, á máa ròyìn fún un nípa ẹni tó bímọ àti iṣu tó ta dáadáa lóko. Ìyá mi kì í jẹ́ ká fẹsẹ̀ kan ibẹ̀. "Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀."

Àwo yẹn wù mí. Kí àwọn obìnrin tó dé láti lu ilẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo fi ọ̀bẹ wú u, mo sì dí ihò rẹ̀. Ìyá mi rò pé erùpẹ̀ ló bò ó.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, Ìyá Àgbájá wọlé, kò dá yàrá mọ̀. Bàbá mi ti mọ ògiri tuntun, ó ti ṣí ilẹ̀kùn sí apá kejì. Ìyá mi ń nawọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún: "Àbí ibí ni?"

"Ọwọ́ mi kò mọ̀ ọ́n níbí."

Ìyá mi yíjú sí mi. "Àbẹ̀ní, ìwọ kọ́ lo yọ àwo ibẹ̀?"

"Èmi kọ́, ìyá mi."

Etí ìró mi ni mo so ó mọ́, ó ń gún mi nítan. Mo mọ ibẹ̀ dájú: ẹsẹ̀ mẹ́rin sí ìdí òpó tí bàbá mi kò fọwọ́ kàn. Opó náà fọwọ́ tẹ ilẹ̀ káàkiri títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ó dìde. "Ó dáa. Mo kí gbogbo yàrá."

Kò wá mọ́. Obìnrin kan tí wọ́n jọ ń ta igi ló sọ fún wa pé, "Ó ní ọkọ òun fara pa mọ́ fún òun. Ó ní inú ń bí ọkùnrin náà pé wọ́n ta ilé." Ọ̀rọ̀ kan péré lẹ́nu mi ì bá tún un ṣe. Mo ń sọ lójoojúmọ́ pé n ó jẹ́wọ́ lọ́la, ẹ̀rù pàṣán ìyá mi kò sì jẹ́. Kí ọyẹ́ tó dé, a gbọ́ pé Ìyá Àgbájá ti kú. Ó dùn mí nígbà náà, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Lẹ́yìn ikú ìyá mi, nígbà tí kò sí ẹni tí yóò nà mí mọ́, mo dá àwo náà padà sí àyè rẹ̀. Ní báyìí òrùlé tún ti ń jò, apá mi kò sì ká a, mo ti ní kí wọ́n ta ilé náà. Ọkùnrin kan wá wò ó lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kó tó la ẹnu, mo ti mú un wọ yàrá inú, mo ka ẹsẹ̀ mẹ́rin láti ìdí òpó. "Atukọ̀ kan wà níbí. Má ṣe tẹ̀ ẹ́."

Ó ní, "Ìyá, ṣé ó ní ẹni tó ń wá kí i?"

"Ó ní i rí."

Ọmọ tó bẹ̀rù pàṣán ti di arúgbó tó ń sọ òtítọ́ fún àlejò tí kò bi í. Ẹni tó fọwọ́ wá ọkọ rẹ̀ nílẹ̀ ni kò rí òtítọ́ náà gbọ́.