Ọjọ́ Tí Omi Kò Kún Adágún

Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Jikwoyi kò ní aṣọ àkànṣe, kò sì ní àga níwájú. Àwọn kan ń kọrin, àwọn kan ń gba àlejò lẹ́nu ọ̀nà. Èmi, omi ni mo ń pọn. Omi tí a fi ń fọ ilẹ̀ ni o, omi ilé ìyàgbẹ́ ni o, títí kan omi inú adágún tí a fi búlọ́ọ̀kù mọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì fún ìrìbọmi. Àwọn ọmọdé ibẹ̀, tí Yorùbá wọn kò ju "ẹ káàárọ̀ sà" lọ, mai ruwa ni wọ́n ń pè mí, bí àwọn Hausa ṣe ń pe ẹni tó ń ta omi kiri. Mo máa ń jágbe mọ́ wọn, ṣùgbọ́n ká sòótọ́, orúkọ náà dùn mọ́ mi.

Lọ́dún kan, ìyá mi wá kí wa láti Kàbà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gba Jésù gbọ́, àmọ́ wọn kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìrìbọmi sétí. Lónìí ẹsẹ̀ ń ro wọ́n, lọ́la òtútù ti pọ̀ jù. Lọ́tẹ̀ yìí ni wọ́n ṣàdédé ní àwọn gbà. Ọjọ́ Àìkú ni ìrìbọmi, ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa wọkọ̀ padà sílé. Bí Àìkú yẹn bá fi lè bọ́, mo mọ ìyá mi, ó parí nìyẹn.

Àfi bí iná ṣe lọ láti ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀rọ tó ń fa omi kò ṣiṣẹ́, jẹnẹrétọ̀ náà kọ̀ jálẹ̀. Láàárọ̀ Àìkú, mo sáré lọ bá mai ruwa gidi ní títì.

"Sànnu," mo kí i.

"Yauwa, Baba. Ruwa ya ƙare."

Omi ti tán! Gbogbo àdúgbò ti rà á. Kẹ́ẹ̀gì díẹ̀ tó ṣẹ́ kù lórí ọmọlanke rẹ̀ ni mo kó. Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Èmi tí mo ti ń da omi síwájú láti ọjọ́ yìí, ilẹ̀ gbígbẹ ni mo tẹ̀.

Inú bí mi gan-an. Mo ní, "Olúwa, Ìwọ lo dá òkun, Ìwọ lo dá ọ̀sà. Ta ni kí n tún lọ bẹ̀ ní Jikwoyi?" Mo ń da omi, mo ń kùn. Nígbà tí kẹ́ẹ̀gì tó kẹ́yìn tán, omi kò ju orúnkún lọ.

Pásítọ̀ wo omi, wọ́n wo ìyá mi. "Mama, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sún un síwájú. Nígbà míì tí ẹ bá wá, omi á ti kún."

Mo tún gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo nílẹ̀.

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀, wọ́n wo inú adágún náà dáadáa, ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. "Èyí náà ti tó." Kí ẹnikẹ́ni tó dì wọ́n mú, wọ́n ti wọnú omi, wọ́n jókòó, wọ́n na ẹsẹ̀ bí ìyá àgbà tó fẹ́ wẹ ọmọ tuntun. "Ó yá, pásítọ̀, ẹ tẹ́ mi sẹ́yìn."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ kí pásítọ̀ pe orúkọ Baba àti Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́ tán. Ìyá mi rì, wọ́n jáde, orin bẹ́, àwọn ọmọdé ń pàtẹ́wọ́.

Bí mo ṣe ń nu omi kúrò lójú wọn, mo ní, "Màámi, ẹ má bínú. Mo gbàdúrà títí pé kí omi kún, kò kún."

Wọ́n gba táwẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ mi. "Odò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi lọ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Láti ìgbà náà, mi ò lè wọ omi tó bá ti kọjá orúnkún. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí ni mo fi ń bẹ Olúwa pé kó má jẹ̀ẹ́ kí omi yẹn kún."

Ẹ̀rín pa mí, omijé sì ń bọ́ lójú mi.

Màámi ní, "Àṣé ìwọ lò ń gbàdúrà ta kò mí!"