Oògùn Ara Ríro Abdussalam

Ọpẹ́yẹmí ò mọ̀ ọ́n jókòó. Ó ti ṣe nọ́ọ̀sì fún ọdún mẹ́rìndínlógún ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Fìdítì, síbẹ̀ àga rẹ̀ ṣì dà bí tuntun. Á wo aláìsàn kan, á yọjú síta, á tún padà wá wo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wò tán. Àwọn aláboyún máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ká ní ọ̀nà Ìbàdàn ló ń rìn ni, á ti dé ibẹ̀ tipẹ́. Wọn ò mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń lé e kiri. Àwọn tó ń gbé aláìsàn wá bá a láyé ìsinsìnyí kì í sọ òótọ́ tán.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, nígbà tí àwọn ìyálọ́mọ ń dúró de abẹ́rẹ́ àjẹsára, Sàúdátù fa Abdussalam ọmọ rẹ̀ wọlé. Awakọ̀ tó ń kó ọsàn lọ sí Èkó ni. Òógùn bò ó, ó ń rojọ́ láìdánu dúró, ọkàn rẹ̀ sì ń sáré kíkankíkan.

"Màmá, kí ló lò?" Ọpẹ́yẹmí béèrè.

Sàúdátù wo àwọn ìyálọ́mọ, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Áìsì ni, Nọ́ọ̀sì. Oògùn olóró tí àwọn awakọ̀ ń lò kí oorun má baà kùn wọ́n lójú ọ̀nà. Ó dọjọ́ mẹ́ta tí kò tíì sùn."

"Ṣé kò lo nǹkan mìíràn?"

"Kò lo nǹkan kan o."

Ọpẹ́yẹmí mú un lọ sí yàrá tó tutù, ó fún un lómi, ó ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó tó wákàtí kan, ariwo rẹ̀ rọlẹ̀, ó sì sùn. Inú Sàúdátù dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fi ìborùn rẹ̀ bo ọmọ náà. Nílé tiwọn, ẹnikẹ́ni kì í jí awakọ̀ tó ti ọ̀nà jíjìn dé. Ewúrẹ́ pàápàá, lílé ni wọ́n ń lé e jìnnà sí fèrèsé. Nígbà tí Ọpẹ́yẹmí wọlé lẹ́ẹ̀kẹta, Sàúdátù gbọ́wọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, Nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ ó sinmi. Ìrìn yín ti pọ̀ jù."

Ojú ti Ọpẹ́yẹmí, ó yí padà. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ara rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ọmọkùnrin náà ti ń hanrun tẹ́lẹ̀, kò hanrun mọ́. Ó padà, ó gbé ọwọ́ lé e láyà, ó wo aago. Èémí méje péré ní ìṣẹ́jú kan. Ó ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀: ọmọlójú rẹ̀ ti fún bí ojú abẹ́rẹ́. Áìsì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló máa ń mú kí ọmọlójú fẹ̀.

"Màmá, kí ló lò mọ́ ọn?"

"Mo ní kò lo nǹkan kan. Àfi oògùn ara ríro."

"Èwo?"

"Tramadọ́ọ̀lù. Mẹ́rin láàárọ̀. Ẹ̀yìn ló ń dùn ún nítorí ẹrù. Èmi ni mo rà á fún un."

Kò purọ́ o. Lójú tirẹ̀, èyí tí ọmọ ń lò ní kọ̀rọ̀ ni oògùn burúkú. Èyí tí ìyá fọwọ́ ara rẹ̀ rà, ìtọ́jú nìyẹn. Áìsì ló ti ń gbé ọmọ náà dúró láti àárọ̀. Bí agbára áìsì náà ṣe ń relé, tramadọ́ọ̀lù ráyè tẹ èémí rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Abẹ́rẹ́ tó lè ṣẹ́gun rẹ̀ kò sí nílẹ̀. Ọpẹ́yẹmí fi àpò rọ́bà tí wọ́n fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ síni nínú bò ó nímú àti ẹnu, ó ń tẹ̀ ẹ́. Nathaniel, akọ̀wé wọn, gbé mọ́tò rẹ̀ wá, wọ́n gbé Abdussalam sínú rẹ̀, Sàúdátù wọlé tẹ̀ lé wọn, wọ́n sì forí lé Ọ̀yọ́. Wọ́n kọjá Ìlọrà, ó ń tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ kú tipiri, ó ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rù bà á gan-an.

Nígbà tí wọ́n dé ọsibítù l'Ọ́yọ̀ọ́, dókítà rọra fún Abdussalam ní abẹ́rẹ́ náà díẹ̀díẹ̀. Èémí padà, ojú là. Ṣùgbọ́n ìjà ló bá jí. Tramadọ́ọ̀lù ni abẹ́rẹ́ lé, kò lé ìyókù áìsì. Ọkàn rẹ̀ tún ń sáré, ó fẹ́ já omi tí wọ́n fà sí i lọ́wọ́, gbogbo ìrora ẹ̀yìn rẹ̀ sì padà dé.

"Màámi, ara ń ro mí. Ẹ fún mi lóògùn mi."

Sàúdátù ti tọwọ́ bọ báàgì kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ó fa páálí tramadọ́ọ̀lù kékeré kan yọ. Ó wò ó, ó wo ọmọ rẹ̀ tó ti tẹ́wọ́. Ó yíjú kúrò lára rẹ̀, ó sì ti páálí náà bọ Ọpẹ́yẹmí lọ́wọ́.

"Ẹ tètè gbà á, Nọ́ọ̀sì," ó ní. "Díẹ̀ ló kù kí n fún un."