Ìyá Tó Ta Táyà Bàálù Nípàá

Ohun tí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń rántí nípa Ìyá Bíréèkì, kí wọ́n tó rántí pé ó ti kú, ni ti ọjọ́ tó ní òun ò ní wọ bàálù àfi tí òun bá ta táyà ẹ̀ nípàá wò. Àwọn èrò ti tò, wọ́n ń gun àtẹ̀gùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá yà kúrò lórí ìlà, ó gbé báàgì ẹ̀ kalẹ̀, ó ká etí aṣọ sókè, ó sì bẹ́ sábẹ́ bàálù. Gbì! Ó ta táyà àkọ́kọ́. Gbì! Ó ta èkejì. Kí àwọn ẹ̀ṣọ́ tó sáré débẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń yọjú wo abẹ́ bàálù bí ẹni tó ń wá ọmọ adìyẹ.

"Màmá, ẹ jáde níbẹ̀! Kí lẹ ń wá?"

"Mò ń wá ohun tí ẹ̀yin ò wá. Ta ló ń wa nǹkan yìí?"

Ariwo pọ̀ débi pé páílọ́ọ̀tì fúnra ẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá, géńdé ọkùnrin, aṣọ ẹ̀ gún régé. Ìyá wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ìwọ lo fẹ́ gbé gbogbo wa lọ sókè? Ṣé o sùn lánàá?"

"Mo sùn, mà."

"La ojú ẹ dáadáa."

Ọkùnrin náà lajú. Ìyá yẹ ojú ọ̀tún wò, ó yẹ tòsì wò. Ó wá fọwọ́ gbá táyà bàálù lẹ́ẹ̀mejì, pá, pá. "Ó dáa. Máa lọ." Ẹ ní kí ló dé tí wọn ò mú un? Ta ló fẹ́ mú ìyá arúgbó tó ń béèrè bóyá awakọ̀ sùn, lójú èrò táwọn náà fẹ́ gbọ́ ìdáhùn? Ó gun àtẹ̀gùn, ó jókòó, ó sun oorun títí bàálù fi balẹ̀. Àwọn èrò yòókù ni ò lè sùn, torí ó ti jẹ́ kí wọ́n máa ronú táyà.

Iṣẹ́ ló fà á. Kó tó fẹ̀yìn tì, òun ló ń dán àwọn tó fẹ́ gba ìwé ìwakọ̀ wò. Á kọ́kọ́ ta táyà mọ́tò nípàá, á bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀. Wọ́n á to agolo ọ̀dà sí àgbàlá ọ́fíísì, awakọ̀ á máa yí mọ́tò gba àárín wọn. Ìyá á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, á dákẹ́ títí onítọ̀hún á fi gbàgbé pé ẹnìkan wà níbẹ̀, á wá pariwo lójijì: "Bíréèkì!" Ẹni tí kò bá dúró lójú ẹsẹ̀, kó lọ sílé kó lọ kọ́ ọ sí i. Ẹni tó bá dúró, Ìyá á sọ̀kalẹ̀, á fọwọ́ gbá òrùlé mọ́tò lẹ́ẹ̀mejì, á ní, "Ó dáa. Máa lọ."

Ohun táwọn awakọ̀ yẹn ò mọ̀, táwa ará ilé mọ̀, ni pé Ìyá Bíréèkì fúnra ẹ̀ ò mọ mọ́tò wà. Ọkọ ẹ̀ gbìyànjú láti kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Ògiri ilé ìdáná ṣì wà níbẹ̀ tó ń jẹ́rìí. Nígbà tí ẹnìkan bi í léèrè pé báwo ló ṣe ń dán èèyàn wò lórí ohun tí kò lè ṣe, ó ní, "Dókítà ọkùnrin tó gbẹ̀bí ìyàwó ẹ, ṣé òun náà ti bímọ rí?"

Lẹ́yìn tí ọkọ kú, táwọn ọmọ sì ti kúrò nílé tán, ó kàn jí lọ́jọ́ kan ni, ó ní òun ń lọ sí ìlú òkèèrè, òun nìkan. Àkọ́bí ẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Ọ̀gá Tíṣà. Ọ̀gá ilé ìwé ni, ó sì máa ń bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀ bí ọmọ ilé ìwé tó pẹ́ dé.

"Ẹ ń lọ sọ́dọ̀ ta?"

"Sọ́dọ̀ ara mi."

"Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Mo fẹ́ lọ jókòó."

"Ṣé kò sí àga nílé ni?"

Ìyá wo ọmọ ẹ̀ títí. "Látìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, mi ò tíì jẹun kan kí ẹnìkan má bi mí pé ṣé ó kù. Mi ò tíì jókòó kan kí wọ́n má pè mí. Kí n tó kú, mo fẹ́ jókòó síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní pè mí. Ṣé ó ti yé ẹ báyìí?"

Kò yé e. Ó gbé ìyá ẹ̀ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Wọn ò rí nǹkan kan, ni Ìyá bá lọ, ìrìn àjò táyà yẹn sì nìyẹn. Ẹnìkan tó wà lórí ìlà ti fi fóònù ká gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Àárín ìpàdé àwọn tíṣà ni fídíò náà ti bá Ọ̀gá Tíṣà, ó sì fọwọ́ bojú. Bí Ìyá ṣe dé báyìí, wọ́n pe ìpàdé ẹbí.

"Màmá, àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà," ni Ọ̀gá Tíṣà fi bẹ̀rẹ̀.

"Ejò wo lo ti rí tó ń gba páspọ́ọ̀tù?"

"Àjò ò lè dùn kónílé má relé."

"Ta ló ní mi ò ní relé? Ṣebí èmi rèé."

"Tẹ́ ẹ bá wá ṣubú ńkọ́, níbi tẹ́nì kankan ò ti mọ̀ yín?"

Ohun tó wà lọ́kàn gbogbo wọn gan-an nìyẹn. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ìyá àwọn á kú sílẹ̀ àjèjì, láìsí ojúlùmọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ìyá náà mọ̀. "Ẹni tó bá ṣubú," ó ní, "ilẹ̀ náà ló máa bá."

Wọn ò gbà. Wọ́n ní tó bá máa lọ, àbúrò ẹ̀ á tẹ̀ lé e. Àǹtí Kékeré là ń pè é, obìnrin dáadáa ni o, àmọ́ látọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ẹnu ẹ̀ ò tíì sinmi. Wọ́n jọ lọ. Wọ́n dé òtẹ́ẹ̀lì. Ìyá ní, "Jókòó síbí, kí n lọ yẹ bíréèkì lífíìtì yìí wò." Àǹtí jókòó. Ìyá gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde, ó sì wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ìlú míì. Nígbà tí Ọ̀gá Tíṣà pè láti ilé, Àǹtí ló gbé fóònù.

"Àǹtí, Màmá dà?"

"Wọ́n lọ yẹ bíréèkì lífíìtì wò."

"Látìgbà wo?"

"Látàná ni."

Bí Ìyá ṣe padà dé, gbogbo wa pé lé e lórí láti gbọ́ ìròyìn. Ṣé ó rí àwọn ilé gogoro? Rárá. Ṣé ó rí òkun? Ó ní òun gbọ́ ariwo ẹ̀. Kí ló wá rí? Bẹ́ńṣì ni. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì níwájú ilé èrò kékeré kan, òun àti arúgbó obìnrin tó ni ilé náà. Obìnrin yẹn ń sọ èdè tiẹ̀, Ìyá ń sọ Yorùbá. Tí obìnrin náà ò bá gbọ́ ohun tó sọ, Ìyá á tún un sọ, á kàn gbé ohùn sókè ni. Wọ́n sọ̀rọ̀ ọmọ, wọ́n sọ̀rọ̀ ọkọ, wọ́n jà lórí fèrèsé tí ẹnìkan fẹ́ kó wà ní ṣíṣí tí èkejì fẹ́ kó wà ní títì, wọ́n sì bá ara wọn parí ẹ̀.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọkọ ló ń sọ?"

"Ojú ẹ̀ ni mo wò. Ọkùnrin yẹn ò ṣe dáadáa fún un rárá."

Lọ́dọọdún ló ń yọ́ lọ síbẹ̀. Kàkà kéwé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i. Nígbà tó yá, dókítà ní ọkàn ẹ̀ ti ń rẹ̀, kó má wọ bàálù mọ́. Inú Ọ̀gá Tíṣà fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn. Ó gba páspọ́ọ̀tù lọ́wọ́ ìyá ẹ̀, ó sì fi pa mọ́ síbi tó dá a lójú pé kò lè dé: abẹ́ àga mọ́tò ẹ̀. Ẹ gbà mí o, ọgbọ́n ọ̀gá ilé ìwé! Obìnrin tó fi gbogbo ayé ẹ̀ tú mọ́tò wò, abẹ́ àga mọ́tò lo wá fi nǹkan ẹ̀ pa mọ́ sí.

Ìyá wá kí i lọ́jọ́ kan, ó ní nígbà tí mọ́tò ẹ̀ ń wọlé, òun gbọ́ ohùn kan tí kò tẹ́ òun lọ́rùn. "Jẹ́ kí n bá ẹ yẹ ẹ́ wò." Ó yẹ ẹ́ wò tọkàntọkàn. Ọmọ ẹ̀ dúró lójú fèrèsé, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń dúpẹ́ pé ìyá òun ti rí nǹkan fi pa ìrònú rẹ́. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni fóònù dún láti ìdálẹ̀.

"Màmá! Ibo lẹ wà?"

"Mo ti jókòó. Bíréèkì ẹ ò dáa o, tètè tún un ṣe."

Ó gbé mọ́tò lọ bá mẹkáníìkì. Ìyẹn tú u palẹ̀, ó ní kò sóhun tó ṣe bíréèkì náà. Ká má purọ́ mọ́ òkú, gbogbo mọ́tò tí Ìyá bẹ̀rẹ̀ wò láyé ẹ̀, páspọ́ọ̀tù yẹn nìkan la gbọ́ pé ó rí níbẹ̀.

Ó padà dé láyọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ọmọ kó o lọ sílé Ọ̀gá Tíṣà, wọ́n ń ṣọ́ ọ bí ẹyin. Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, gbogbo wọn pé síbẹ̀, ọmọ, ìyàwó ọmọ, ọmọ-ọmọ, Àǹtí Kékeré sì ń rojọ́ ní ilé ìdáná. Ìyá wà lórí àga ní pálọ̀. Wọ́n ń kọjá lọ, wọ́n ń kọjá bọ̀, kálukú tẹjú mọ́ fóònù ẹ̀. Wọ́n rò pé ó sùn ni, wọ́n tiẹ̀ yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ fún un. Oúnjẹ jinná, wọ́n pè é. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa pe ìyá yẹn nínú ilé tí kò ní dáhùn.

Wọ́n bẹ̀rù pé á dá nìkan kú nílẹ̀ àjèjì. Inú ilé tó kún fọ́fọ́ ló ti dá nìkan kú. Ọ̀rọ̀ náà dun Ọ̀gá Tíṣà wọra. Kò lè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ bí ẹni tó pẹ́ dé mọ́, torí òun gan-an ló pẹ́ dé.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, mọ́tò tó máa gbé òkú dé, ó ń dán. Wọ́n gbé pósí wọ inú ẹ̀, awakọ̀ fẹ́ ṣíná. Ọ̀gá Tíṣà ní kí wọ́n dúró ná. Tòun ti kóòtù dúdú lọ́rùn, ó ká etí ṣòkòtò sókè. Gbì! Ó ta táyà àkọ́kọ́. Gbì! Ó yí mọ́tò náà ká, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀.

"Ọ̀gá, kí lẹ ń wá?" ni awakọ̀ bi í.

"Ṣé o sùn lánàá?"

"Mo sùn, sà."

"La ojú ẹ dáadáa."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó sì ràn mọ́ gbogbo wa, àtẹni tó ń sunkún àtẹni tó ń díbọ́n. Àǹtí Kékeré ti ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò, ó fẹ́ jókòó ti pósí. "Mi ò lè jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi dá lọ," ó ní, omi ń bọ́ lójú ẹ̀. Ọ̀gá Tíṣà rọra dì í lọ́wọ́ mú.

"Àǹtí, ẹ sọ̀kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dá lọ. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n tọrọ lọ́wọ́ wa nìyẹn, a ò sì fún wọn."

Ó ti ilẹ̀kùn. Ó fọwọ́ gbá òrùlé mọ́tò lẹ́ẹ̀mejì, pá, pá.

"Ó dáa. Ẹ máa lọ, Màmá."

Mọ́tò náà rọra yà sí títì. Gbogbo wa dúró sẹ́nu géètì, à ń wò ó bó ṣe ń lọ, kò sì sẹ́ni tó pè é.