Opó Náà Kò Padà Sílé

Eré ò tíì dé ìdajì tí inú ti ń bí Etelka Bárdos. Nígbà tí opó inú eré náà fi máa rọ̀ mọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ lọ́rùn níparí, tí àwọn oníjó yí wọn ká tẹ̀rín-tẹ̀rín, Etelka ti ń mi orí pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ó mọ ìwé tí wọ́n sọ di eré olórin yẹn bí ẹní mowó. Ìwé àtijọ́ ni, gbogbo ọmọ iléèwé ní Hungary ló ń kà á, ọ̀pọ̀ wọn sì ń gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ tí ìdánwò bá parí. Nínú ìwé náà, ẹ̀gbọ́n ọkọ gba ọgbà àjàrà lọ́wọ́ opó, ó ní kó máa sùn sí ilé ìdáná bí ọmọ ọ̀dọ̀. Opó gbé ọmọ rẹ̀, ó rìn jáde sínú yìnyín, kò bojú wẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni ìwé parí sí.

Etelka náà ti di opó nígbà tó tún un kà, ní abúlé kan lẹ́bàá ìlú Eger. Gáspár, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ti gba ilé àti ọgbà kí ilẹ̀ sàréè ọkọ náà tó gbẹ. Nínú gbogbo mọ̀lẹ́bí, kò sẹ́ni tó gbè é. Ìwé yẹn nìkan ló sọ fún un pé obìnrin lè lọ. Ó ka ojú ewé tó kẹ́yìn, ó di ẹrù, ó gbé Bori ọmọ rẹ̀ kọjá nínú yìnyín dé ìdíkọ̀ ojú irin, ó sì bá ara rẹ̀ ní Budapest, olú ìlú wọn, níbi tó ti ń ránṣọ jẹun. Ìwé náà ló ń kà fún Bori títí ọmọ fi mọ̀ ọ́n lákàsórí.

Bori yẹn gan-an ló ń kọrin opó lórí pèpéle báyìí, tó ń rọ̀ mọ́ olè lọ́rùn.

Orin parí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, àtẹ́wọ́ náà sì di ọ̀kan ṣoṣo bí ìṣe àwọn ará Hungary, gbogbo gbọ̀ngàn ń pa á pọ̀, pà, pà, pà. Ẹni tí kò bá bá wọn pa á, gbogbo ojú ló máa rí i. Etelka kó ọwọ́ méjèèjì lé itan.

"Ìyá, ṣebí ẹ ní ọmọ yín ló ń kọrin yẹn?" obìnrin tó jókòó tì í bi í.

"Ọmọ mi ni."

"Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un nígbà yẹn."

"Ohùn ẹ̀ dáa. Irọ́ ló ń fi pa."

Níwájú pátápátá, arúgbó ọkùnrin kan dìde, ó ń pàtẹ́wọ́, omijé ń dà lójú rẹ̀. Etelka wò ó dáadáa. Gáspár ni.

Lẹ́nu ọ̀nà tí àwọn òṣèré ń gbà jáde, Etelka tún bá a níbẹ̀ pẹ̀lú òdòdó róòsì méje lọ́wọ́.

"Ìyàwó wa, ó mà tójọ́ mẹ́ta o," Gáspár sọ. "Bori ló fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí mi. Ṣó o rí bó ṣe parí? Obìnrin yẹn dárí jì í."

"Ìwé ò parí bẹ́ẹ̀."

"Ta ló ń kàwé mọ́? Orin yẹn wọ̀ mí lára. Mo ní, ó ti tán, a ti parí ìjà wa."

"Ìwọ àti ta lẹ jọ parí ẹ̀? Ṣé orin ti dá ilé ọkọ mi padà ni?"

Bori jáde, àtíkè ṣì wà lójú rẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Èmi ni mo pè wọ́n. Wọ́n ti darúgbó. Mo rò pé tẹ́ ẹ bá jọ wò ó..."

"O rò pé orin á ṣe é. Èmi tí mo gbé ẹ nínú yìnyín, o ò bi mí."

Gáspár na òdòdó sí Bori. Kó tó gbà á, Etelka ti yọ ọ̀kan jáde, ó ku mẹ́fà. Lọ́dọ̀ wọn, òdòdó tí iye rẹ̀ bá ṣeé pín sí méjì dọ́gba, òkú ló ni ín; wọn kì í fún alààyè. Gáspár ka èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Gbé ìyẹn lọ sí sàréè àbúrò ẹ," Etelka sọ. "Òun ni kó o lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀."

Gáspár yí padà, ó lọ. Etelka na róòsì kan ṣoṣo náà sí ọmọ rẹ̀, Bori sì gbà á.

"Màmá, lọ́la mo tún máa rọ̀ mọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ inú eré yẹn lórí pèpéle o. Iṣẹ́ mi ni."

"Máa rọ̀ mọ́ ọn níbẹ̀," ìyá rẹ̀ dáhùn. "Má ṣáà mú un wá sílé."