Ilé Amọ̀ Tí Àwọn Òyìnbó Kò Wó

Amọ̀ tó lẹ̀ mọ́ bàtà mi láti àná ni mo ń ha lẹ́nu ọ̀nà fúláàtì wa ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí òórùn rẹ̀ gbé mi padà sí àgbàlá bàbá mi.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn la máa ń kọ́lé. Wọ́n á da omi àti koríko gbígbẹ sí ilẹ̀ pupa, àwa ọmọdé á bọ́ sínú rẹ̀, a ó máa fẹsẹ̀ pò ó, a ó máa ṣubú lura wa. Bàbá mi á mọ ògiri dé orúnkún, á fi sílẹ̀ kó gbẹ kó tó mọ òmíràn lé e. Ojú ìka rẹ̀ hàn lára ògiri yàrá mi. Inú rẹ̀ ni mo máa ń ki ìka tèmi bọ̀ kí n tó sùn.

Nígbà tí mo wọ yunifásítì, ilé náà bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí lójú. "Bàámi, ẹ wó o. Àwọn Òyìnbó kì í gbé inú amọ̀."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, sà." Èmi tí n kò tíì dé Èkó rí!

Bàbá mi wó o. Búlọ́ọ̀kù àti páànù ló fi kọ́ òmíràn. Ooru rẹ̀ pọ̀ débi pé abẹ́ igi ni bàbá mi ń sùn lọ́sàn-án títí ó fi kú.

Àná ni ọmọ ọmọ mi, Ràlíátù, mú mi lọ wo ilé àtijọ́ kan ní abúlé Òyìnbó: òpó igi dúdú, ògiri funfun, koríko lórí òrùlé. Mo ti ń yin símẹ́ńtì wọn kí a tó dé ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe, tí wọ́n ti ha ẹfun kúrò. Mo sún mọ́ ọn. Ọ̀pá wẹ́wẹ́ tí wọ́n hun bí apẹ̀rẹ̀, tí wọ́n wá fi amọ̀, koríko àti ìgbẹ́ màlúù rẹ́! Ojú ìka ẹni tó rẹ́ ẹ ṣì wà níbẹ̀ gbangba.

"Grandpa, it's just mud!" Ràlíátù ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà ní irú ẹ̀ ní village yín, àbí? Ìgbà wo lẹ máa mú mi lọ wò ó?"

Àwọn Òyìnbó ń tọ́jú tiwọn. Èmi fi orúkọ wọn wó tiwa.

Òṣìṣẹ́ kan ń fẹsẹ̀ po amọ̀ nítòsí. Kí n tó mọ̀, mo ti bọ́ sínú rẹ̀.

"Grandpa! Bàtà Jímọ̀ yín!"

Ṣùgbọ́n òun náà tẹ̀ lé mi, ó di apá mi mú. "Báyìí?"

"Rárá. Gìgísẹ̀ ni kó o fi tẹ̀ ẹ́, kó o wá yí i."

Ó tẹ̀ ẹ́, ó yí i. Òṣìṣẹ́ náà dúró, ó ń wò wá.

Mo ti ha bàtà kan tán báyìí. Mo gbé ìkejì sílẹ̀ tamọ̀tamọ̀, n kò ní ha á.